Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìwé Àtijọ́

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Virginia. Apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà jẹ́ ilẹ̀ olókè. Òkè gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Blue Ridge. Ó nà bí ògiri láti àríwá sí gúúsù. Ní ẹ̀yìn ògiri yìí ni ibì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rockbridge. Orúkọ náà túmọ̀ sí afárá òkúta. Afárá kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ni ó kọ́ ọ. Omi ni ó jẹ òkúta náà lábẹ́ títí tí òkè rẹ̀ fi dúró bí afárá. Gíga rẹ̀ tó mítà 65.

Káńtì ni wọ́n ń pe Rockbridge. Káńtì ní ilẹ̀ wọn dà bí kómúnì ní ilẹ̀ Benin. Wọ́n dá Rockbridge sílẹ̀ ní ọdún 1778. Káńtì kọ̀ọ̀kan ní olú-ìlú tirẹ̀, ilé ẹjọ́ sì wà níbẹ̀. Olú-ìlú Rockbridge ni Lexington. Nínú ilé ẹjọ́ yìí ni akọ̀wé kan ń jókòó. Kì í ṣe adájọ́. Òun ni ó ń pa ìwé mọ́: ìwé ilẹ̀, ìwé ogún, ìwé ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbéyàwó, ọ̀dọ̀ akọ̀wé yìí ni yóò ti gba àṣẹ.

Ìtàn ìwé ìgbéyàwó yìí ni mo fẹ́ sọ. Bóyá ẹ ó ní, kí ni ó kàn wá nínú ìgbéyàwó àwọn ará òkè Amẹ́ríkà? Ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé mẹ́rì rí nítorí ìwé ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ní kí ó lọ kí ó padà wá, tí wọ́n sọ fún un pé orúkọ tí ó wà nínú ìwé kì í ṣe èyí tí òun ń jẹ́, ìtàn náà kò ní ṣòro fún un láti lóye.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà gbéyàwó lábẹ́ òfin Virginia. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n kéde orúkọ ọkọ àti ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tí ó dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́, kí ó sọ ọ́. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́.

Káńtì tí obìnrin ń gbé ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ọkùnrin ni ó ń rìnrìn-àjò. Bí ọkọ tàbí ìyàwó kò bá tíì pé ọdún 21, bàbá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí bàbá kò bá lè wá fúnra rẹ̀, yóò fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá yìí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn kọ ọ́, àwọn yóò sì fa ìlà méjì tí ó gba ara wọn kọjá, bí ìgbà tí a bá dábùú igi lórí igi. Akọ̀wé yóò kọ orúkọ bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kan àmì náà àti sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí di òní.

Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin yóò wá onídùúró kan. Àwọn méjèèjì yóò fọwọ́ sí ìwé pé kò sí ohun tí ó dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, wọn yóò san 150 dọ́là. Owó ńlá ni nígbà náà. Wọn kì í san án lọ́jọ́ náà, ìlérí ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí èyí bá parí, akọ̀wé yóò fún ọkùnrin ní ìwé àṣẹ, yóò sì mú un tọ pásítọ̀ lọ. Pásítọ̀ yóò so wọ́n pọ̀. Yóò wá ránṣẹ́ padà sí akọ̀wé pé òun ti ṣe é. Ìgbà náà ni akọ̀wé yóò kọ ìgbéyàwó náà sínú ìwé ńlá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Pásítọ̀ àwọn ará òkè jẹ́ ẹni tí ń gun ẹṣin láti àfonífojì kan dé òmíràn. Ó lè so tọkọtaya pọ̀ lónìí, kí ó sì tó oṣù mélòó kan kí ó tó dé ìlú. Ìwé lè sọnù nínú àpò. Òjò lè pa á. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ìwé onídùúró ọkùnrin kan ní ilé ẹjọ́, tí a kò sì rí ìgbéyàwó rẹ̀ níbì kankan. Ó bí ọmọ, ó ní ọmọ-ọmọ, ó kú, wọ́n sin ín, síbẹ̀ ìwé ńlá kò mọ̀ pé ó gbéyàwó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí pásítọ̀ gbàgbé ìwé rẹ̀ sàn ju àwọn kan lọ. Àwọn kan wà ní Rockbridge tí akọ̀wé kò lè fún ní ìwé àṣẹ rárá. Àwọn ẹrú ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn. Lójú òfin Virginia, ohun ìní ni ẹrú jẹ́. Ohun ìní kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ìgbéyàwó sì jẹ́ àdéhùn. Nítorí náà, òfin kò mọ ìgbéyàwó ẹrú.

Síbẹ̀ wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Wọ́n á tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ olówó wọn, kì í ṣe lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn ènìyàn wọn á pé jọ. Àwọn mìíràn á fò kọjá lórí ìgbálẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, kí ó lè hàn pé wọ́n ti di tọkọtaya. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ wà ní oko olówó kan, tí ìyàwó wà ní oko olówó mìíràn. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni ọkọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ rí ìyàwó, pẹ̀lú ìwé ìyọ̀ǹda ní ọwọ́. Ọmọ tí wọ́n bá bí, ti olówó ìyá rẹ̀ ni. Bí pásítọ̀ bá sì so wọ́n pọ̀, kò ní sọ pé ikú nìkan ni yóò yà wọ́n. Yóò fi kún un pé ikú tàbí ọ̀nà jíjìn. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn túmọ̀ sí.

Ọ̀nà ńlá kan gba àfonífojì náà kọjá lọ sí gúúsù. Àwọn oníṣòwò ẹrú ń da àwọn tí wọ́n rà gba ọ̀nà yìí lọ sí Tennessee àti síwájú sí i, níbi tí oko òwú ti pọ̀. Ayàwòrán kan wà tí ń jẹ́ Lewis Miller. Ní ọdún 1853, ó ya àwòrán àwọn ẹrú tí wọ́n ń kó láti Staunton lọ sí Tennessee. Staunton wà ní káńtì Augusta, tí ó bá Rockbridge pààlà. Tọkùnrin tobìnrin ni ó wà nínú àwòrán náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń fi rìn.

Ní Rockbridge gan-an, ibì kan wà tí wọ́n ti ń rọ irin, tí ń jẹ́ Buffalo Forge. Olówó ibẹ̀ ni William Weaver. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Sam Williams. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ Nancy ní nǹkan bí ọdún 1840, wọ́n sì bí ọmọbìnrin. Bí Sam bá rọ irin ju iye tí wọ́n ní kí ó rọ lọ, Weaver ń san owó díẹ̀ fún un lórí èyí tí ó lé. Sam ń fi owó náà ra aṣọ àti oúnjẹ fún Nancy àti àwọn ọmọ. Ó tilẹ̀ ń fi díẹ̀ pamọ́ sí ilé ìfowópamọ́ ní Lexington. Ẹ ò rí i: orúkọ ẹrú wà nínú ìwé owó Weaver, ó sì wà nínú ìwé ilé ìfowópamọ́. Inú ìwé ìgbéyàwó nìkan ni kò lè wọ̀.

Ogun dé ní ọdún 1861. Ó parí ní ọdún 1865, oko ẹrú sì parí pẹ̀lú rẹ̀. Ìbéèrè ńlá kan wá dìde. Àwọn tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ fún ọdún 20 tàbí 30 wọ̀nyí, ṣé tọkọtaya ni wọ́n tàbí wọn kì í ṣe tọkọtaya? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí bàbá bá kú, ta ni yóò jogún ilé rẹ̀? Bí ọkùnrin bá kú nínú iṣẹ́ sójà, ta ni ìjọba yóò san owó opó fún? Ní ti àwọn sójà, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti ṣe òfin kan ní ọdún 1864 tí ó gbà kí opó sójà aláwọ̀ dúdú rí owó gbà láìní ìwé, bí ẹ̀rí bá wà pé òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ ń gbé.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1866, àwọn aṣòfin Virginia náà ṣe òfin tiwọn. Òfin náà sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti gbà láti jẹ́ tọkọtaya ṣáájú ọjọ́ náà, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ lọ́jọ́ náà, tọkọtaya ni wọ́n lójú òfin. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pásítọ̀ tí ó so wọ́n pọ̀. Gbogbo ọmọ wọn sì jẹ́ ọmọ tí òfin mọ̀. Òfin náà rántí àwọn tí wọ́n ti pínyà pẹ̀lú. Bí ìyá bá ti kú, tàbí bí nǹkan mìíràn bá ti yà wọ́n kí òfin náà tó dé, àwọn ọmọ tí ọkùnrin náà bá gbà pé tòun ni, òfin náà gbà wọ́n.

Ìjọba Amẹ́ríkà ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń mójú tó àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ oko ẹrú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n rán lọ sí àwọn káńtì láti kọ orúkọ àwọn tọkọtaya wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń kọ, nítorí pé n kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀.

Wọ́n kọ orúkọ ọkọ, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí wọ́n bí i sí, ibi tí ó ń gbé, àti iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ olówó rẹ̀ ìkẹyìn, àti ibi tí olówó náà ń gbé. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ àti ọjọ́ orí wọn. Wọ́n tún kọ ìgbà tí tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé pọ̀. Ìwé kejì wà fún àwọn ọmọ tí bàbá àti ìyá wọn kò gbé pọ̀ mọ́. Nínú ìwé kejì yìí, ọkùnrin dúró níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ní: èyí ni ọmọ mi, èyí náà ni ọmọ mi, ìyá wọn kò sí níbí mọ́.

Orúkọ olówó tí wọ́n kọ yẹn lè dun ènìyàn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ti di òmìnira, kí ni ó fi ń pe orúkọ ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n òun ni ó ran àwọn ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ jù. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1850 àti 1860 kò dárúkọ ẹrú ní Virginia. Orúkọ olówó ni wọ́n kọ, wọ́n sì to ọjọ́ orí àwọn ẹrú sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí ń ka ẹran. Ẹni tí ó bá ń wá ìyá ìyá rẹ̀ lónìí, bí kò bá mọ olówó, kò lè mọ ibi tí yóò ti wá a.

Lọ́jọ́ kan náà tí òfin yẹn jáde, irú àwọn bíi Sam àti Nancy di tọkọtaya lójú òfin lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 20. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé ọdún 1866 yìí ni ó kù. Ti káńtì Augusta wà. Ti Montgomery, tí ó wà ní àwọn òkè gúúsù, náà wà.

Láti ìgbà náà lọ, aláwọ̀ dúdú ń gba ìwé àṣẹ bí òyìnbó, lọ́dọ̀ akọ̀wé kan náà. Ẹnikẹ́ni lè rò pé wàhálà ti parí. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí ó ti ń dúró láti ọdún 1853.

Ní ọdún 1853, Virginia bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbí àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òbí ń wá sí ilé ẹjọ́. Ẹni tí ń ka ohun ìní àwọn ènìyàn fún owó orí ni wọ́n fi iṣẹ́ náà fún. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ó ti ń lọ láti ilé dé ilé, yóò béèrè pé: ta ni ó bímọ níbí, ta ni ó kú? Yóò kọ ọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ àwọ̀ ọmọ náà. Ọ̀nà méjì ni ó wà fún àwọ̀: funfun, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí a lè pè ní "aláwọ̀" ní èdè wa. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ní ẹ̀gbẹ́ òkè Blue Ridge, ní ibi tí ń jẹ́ Irish Creek ní Rockbridge, àwọn ìdílé kan ń gbé. Ní òdìkejì òkè náà, ní káńtì Amherst, àwọn ìbátan wọn ń gbé lẹ́bàá òkè tí ń jẹ́ Bear Mountain. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n ti wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Íńdíà. Orúkọ ẹ̀yà wọn ni Monacan. Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ti wọ inú wọn tipẹ́. Nígbà tí ẹni tí ń ka ohun ìní dé ilé wọn, kí ni yóò kọ? Kò rí ọ̀nà Íńdíà nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ "aláwọ̀" fún àwọn kan. Ó ti ìwé náà pa, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n wà ní ilé náà kò lè ka ohun tí ó kọ.

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn tí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn dáadáa ń rí i kà nínú ìwé pé "ní nǹkan bí ọdún 1950", nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé kan ṣe fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn kọ sùn nínú ìwé fún ọdún tí ó tó 70. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1924, Virginia ṣe òfin tuntun lórí ìgbéyàwó. Òfin náà sọ pé òyìnbó kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹni tí kì í ṣe òyìnbó. Èyí kì í ṣe tuntun, irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. Ohun tuntun ni bí wọ́n ṣe sọ ẹni tí òyìnbó jẹ́. Wọ́n ní òyìnbó ni ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan lára, bó ti wù kí ó kéré tó, àyàfi ti òyìnbó. Ìyàsọ́tọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí i: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Íńdíà inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 16 lọ, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí kì í ṣe ti òyìnbó, òyìnbó ni. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ìdílé ọlọ́lá kan ní Virginia ń yangàn pé ìran Pocahontas, ọmọ olóyè Íńdíà, ni àwọn. Àwọn aṣòfin kò fẹ́ ká àwọn ọlọ́lá yìí mọ́ inú òfin tí wọ́n ń ṣe.

Òfin náà gbé iṣẹ́ lé akọ̀wé káńtì lọ́wọ́. Kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ bí kò bá dá a lójú pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa àwọ̀ wọn. Bí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó dá ìwé náà dúró títí wọn yóò fi mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí ó bá parọ́ nípa àwọ̀ rẹ̀ nínú ìwé, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni.

Ọkùnrin tí ó fi òfin náà ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni Walter Plecker. Dókítà ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Richmond ni gbogbo ìwé ìbí, ìwé ikú àti ìwé ìgbéyàwó Virginia ń lọ, láti ọdún 1912 títí di ọdún 1946. Ó ní àwọn ìwé àtijọ́ ọdún 1853 sí 1896 ní ọwọ́. Ó ń ṣí wọn, ó ń wá ọ̀rọ̀ "aláwọ̀", ó sì ń tọ ìdílé kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba ńlá títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà láàyè. Lójú rẹ̀, kò sí Íńdíà kankan mọ́ ní Virginia. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní Íńdíà, aláwọ̀ dúdú tí ó ń sá pamọ́ ni, ní ojú Plecker.

Ní ọdún 1924 náà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Dorothy Johns àti òyìnbó kan tí ó fẹ́ ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ ní Lexington láti gba ìwé àṣẹ. Akọ̀wé káńtì, A. T. Shields, kọ̀ fún wọn. Wọ́n pe ẹjọ́. Adájọ́ Henry Holt gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n ṣí ìwé àtijọ́, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ nípa àwọn ìyá àti baba ńlá rẹ̀. Adájọ́ dá akọ̀wé láre.

Kò pẹ́ sí i, àwọn mìíràn dé: Atha Sorrells àti Robert Painter. Shields tún kọ̀. Ìdílé Sorrells náà wà nínú ìwé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sí wọn lórí. Atha pe ẹjọ́. Adájọ́ Holt kan náà ni ó gbọ́ ọ, ní oṣù kọkànlá ọdún 1924. Ìdílé náà sọ pé Íńdíà ni ọ̀rọ̀ "aláwọ̀" dúró fún nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, kì í ṣe aláwọ̀ dúdú.

Lọ́tẹ̀ yìí, adájọ́ ronú jinlẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ òfin náà wò. Bí òfin bá ní kí ènìyàn fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ẹ̀jẹ̀ mìíràn rárá lára òun, ta ni ó lè ṣe é? Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ènìyàn ní òbí 2. Àwọn òbí rẹ̀ ní òbí 4. Àwọn yẹn ní òbí 8. Bí ẹ bá ka ìran 10 sẹ́yìn, ó di ènìyàn 1,024. Ta ni ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọ̀ wọn? Adájọ́ fúnra rẹ̀ kò lè fi ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn. Ó rí i pẹ̀lú pé kò dájú ohun tí ẹni tí ó kọ "aláwọ̀" sínú ìwé àtijọ́ ní lọ́kàn. Ó pàṣẹ pé kí Shields fún Atha Sorrells àti Robert Painter ní ìwé àṣẹ.

Inú bí Plecker gidigidi. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn adájọ́ àgbà lè fọ́ òfin náà pátápátá. Wọ́n fi obìnrin kan sílẹ̀ kí ó lọ sí ilé ọkọ rẹ̀, kí òfin lè dúró fún àwọn tó kù. Mo rò pé ìyẹn burú ju bí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà lọ.

Plecker kò dákẹ́. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn akọ̀wé, sí àwọn agbẹ̀bí, sí àwọn olùkọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1943, ó fi ìwé kan ránṣẹ́ tí ó to orúkọ ìdílé sí abẹ́ káńtì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè máa ṣọ́ wọn. Rockbridge wà níbẹ̀. Orúkọ Sorrells wà lábẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ ti dá Atha láre ní ọdún 19 ṣáájú. Orúkọ Painter náà wà níbẹ̀.

Òfin yìí wà títí di ọdún 1967. Tọkọtaya kan láti apá ìlà-oòrùn Virginia, Richard àti Mildred Loving, ni wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n gbéyàwó ní Washington ní ọdún 1958, wọ́n padà sílé, wọ́n sì mú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n kúrò ní Virginia fún ọdún 25. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1967, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpínlẹ̀ kankan kò ní ẹ̀tọ́ láti dí ìgbéyàwó lọ́wọ́ nítorí àwọ̀.

Ní ti àwọn Monacan, ìwé wọn ni ó pẹ́ jù kí ó tó tún ṣe. Ìjọba Virginia gbà ní ọdún 1989 pé ẹ̀yà ni wọ́n. Ní ọdún 1997, wọ́n ṣe òfin pé Íńdíà tí wọ́n kọ àwọ̀ rẹ̀ sí òdì nínú ìwé ìbí lè wá tún un ṣe, kò sì ní san owó. Ìjọba Amẹ́ríkà gbogbo gbà wọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2018.

Lónìí, gbígba ìwé àṣẹ ní Virginia kò le. Àwọn méjèèjì yóò lọ bá akọ̀wé ilé ẹjọ́ káńtì tí ó bá wù wọ́n, wọn yóò búra pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ, wọn yóò san 30 dọ́là. Ìwé náà dára fún ọjọ́ 60. Kò sí onídùúró mọ́. Bí ìgbéyàwó kan bá sì ti lé ní ọdún 25, ẹnikẹ́ni ni ó lè béèrè ìwé rẹ̀.

Títí di ọdún 2019, ohun kan ṣoṣo ṣì kù látayé Plecker. Nígbà náà, ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí kí wọ́n tó gba àṣẹ ṣì ń béèrè ẹ̀yà ènìyàn. Ẹni tí kò bá dáhùn nígbà náà, kì í rí ìwé gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, tọkọtaya mẹ́ta pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Rockbridge ni wọ́n ti fẹ́ gba ìwé, ní Lexington kan náà. Wọ́n fi ìwé kan hàn wọ́n pé kí wọ́n mú ẹ̀yà tiwọn níbẹ̀. Ẹ̀yà tí ó wà nínú ìwé náà ju 200 lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń ka ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú lára ènìyàn ṣì wà láàárín wọn. Tọkọtaya náà kọ̀, wọn kò mú ọ̀kankan.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2019, adájọ́ sọ pé ìbéèrè náà lòdì sí òfin Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2020, àwọn aṣòfin Virginia yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òfin. Ẹni tí ó bá dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ní Lexington báyìí, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí wọ́n bí i sí àti orúkọ àwọn òbí rẹ̀ ni wọn yóò béèrè.